Ìwé Kan Dá Àríyànjiyàn Sílẹ̀ Láàárín Wa

  

Ọ̀rọ̀ owó-orí ni ẹ mọ̀ mọ́ mi nínú ìwé ìròyìn wa yìí, nítorí iṣẹ́ akáúǹtáǹtì ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ní ìpàdé wa tó kọjá, a ń jẹun lọ́wọ́, àwọn ọmọdé ń sáré kiri nínú gbọ̀ngàn, nígbà tí ìyá kan tó ń gbé ní apá Stone Mountain yọ ìwé pélébé kan nínú báàgì rẹ̀, ó sì là á mọ́ orí tábìlì. Ó ní, "Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ní kí ọmọ mi máa kà níléèwé o! Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Ọ̀bẹ, ìbọn, sìgá, ọtí, ènìyàn mẹ́ta ló kú níbẹ̀! Ṣé ohun tí a torí ẹ̀ kúrò nílé nìyí?"

Orúkọ ìwé náà ni The Outsiders. Ẹni tó kọ ọ́ ni S. E. Hinton. Kí ìyá náà tó jókòó, ariwo ti ta. Bàbá kan ní ká kọ lẹ́tà sí iléèwé lọ́jọ́ Monday. Ìyá mìíràn ní òun ti ka ìwé náà, pé kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn ọmọ tó ń sáré kiri dúró, wọ́n ń wò wá. Ìgbà yẹn ni alága kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣírò eléyìí."

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tíì kọ lẹ́tà síbì kankan. Mo ní kí àwọn tó bá lè kà á lọ kà á, àgbà àti ọmọdé, kí wọ́n kọ èrò wọn sórí bébà, kí wọ́n má kọ orúkọ. Àwọn èrò náà nìyí, àti tèmi pẹ̀lú.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÌWÉ NÁÀ

Ìtàn náà kò gùn. Ìlú tí ó ti ṣẹlẹ̀ jọ Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, níbi tí òǹkọ̀wé náà ti dàgbà. Ẹgbẹ́ ọmọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tálákà ni wọ́n ń pè ní Greasers, nítorí òróró tí wọ́n máa ń fi pa irun wọn. Àwọn ọmọ olówó ni wọ́n ń pè ní Socs. Bí wọ́n bá ti pàdé, ìjà ni. Ponyboy Curtis, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló ń sọ ìtàn náà fún wa. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú nínú ìjàǹbá mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, Darry, ẹni ogún ọdún péré, ló ń tọ́ òun àti Sodapop tó tẹ̀ lé e. Darry ì bá ti lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó pa á tì, ó ń gun òrùlé olórùlé ṣiṣẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè jẹun.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, oorun gbé Ponyboy àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Johnny lọ níta, lórí ilẹ̀ òfìfo kan. Nígbà tí Ponyboy máa fi délé, aago méjì òru ti lù. Darry ti dúró dè é títí, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó pariwo mọ́ ọn, ó sì gbá a létí. Ponyboy sá jáde. Òun àti Johnny lọ sí páàkì, àwọn ọmọ olówó tí wọ́n ti mutí yó bá wọn níbẹ̀, wọ́n sì ki orí Ponyboy bọ omi. Ó kù díẹ̀ kó kú. Johnny, tí àwọn Socs ti lù ní àlùbolẹ̀ nígbà kan, fa ọ̀bẹ yọ, ó sì gún ọ̀kan nínú wọn pa. Bob ni orúkọ ọmọ náà.

Bí wọ́n ṣe sá kúrò nílùú nìyẹn. Dally, ọ̀rẹ́ wọn tó ti mọ ọ̀nà ẹ̀wọ̀n láti kékeré, fún wọn ní owó àti ìbọn, ó sì júwe ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan fún wọn ní ìgbèríko. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, iná sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn ọmọ kéékèèké sì há sínú rẹ̀. Àwọn tí ayé ń pè ní jàǹdùkú yìí náà ló kó wọnú iná láti yọ àwọn ọmọ náà. Igi òrùlé já lé Johnny lẹ́yìn, ó sì kú sí ọsibítù. Dally kò lè fara dà á. Ó lọ ja ṣọ́ọ̀bù lólè, ó na ìbọn tí kò ní ọta nínú sí àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì yìn ín pa. Ponyboy tó ṣẹ́ kù fẹ́rẹ̀ẹ́ féèlì níléèwé, tíṣà rẹ̀ sì ní kó kọ àròkọ kan kí òun lè fún un ní máàkì tí yóò fi kọjá. Ìtàn yìí gan-an ló kọ.

Gbogbo ohun tí ìyá Stone Mountain kà sílẹ̀ pátá ló wà níbẹ̀. Kò purọ́ mọ́ ìwé náà.

ỌMỌDÉ LÓ KỌ Ọ́

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu ni pé ọmọbìnrin kékeré ló kọ ìwé yìí. Wọ́n bí Susan Eloise Hinton ní Tulsa ní ọdún 1948. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ Will Rogers High School ni. Wọ́n lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bó ṣe ń ti sinimá bọ̀, ìbínú yẹn ló sì fi mú gègé. Ní ọdún tó ń kọ ọ́ gan-an, D ni wọ́n fún un nínú iṣẹ́ ìtàn kíkọ níléèwé! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi èyí ṣe àwáwí o. Ìwé náà jáde ní 1967, ọdún méjìdínlógún ló wà. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní kó lo S. E. dípò orúkọ rẹ̀, kí àwọn ọkùnrin tó ń ṣe lámèyítọ́ ìwé má baà fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ pé obìnrin ló kọ ọ́.

Ẹ gbọ́ eléyìí náà. Ní 1980, ọ̀gá láíbìrì iléèwé kan nítòsí Fresno ní California àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Francis Ford Coppola, gbajúmọ̀ nínú fíìmù ṣíṣe, pé kó fi ìwé yìí ṣe fíìmù. Ó gbọ́ tiwọn, fíìmù náà sì jáde ní 1983. Ní 2024, eré orin tí wọ́n fi ìwé kan náà ṣe ní Broadway gba ẹ̀bùn Tony fún eré orin tó dára jù lọ lọ́dún náà. Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn òbí tó ń bẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Ó wà lára 100 ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì Amẹ́ríkà kà sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn ta kò jù lọ láàárín 1990 sí 1999. Ìyá wa kò dá nìkan wà.

ÈRÒ ÀWỌN ÒBÍ

Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Ó ní, "Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Nínú ìwé yìí, ọmọ pa ènìyàn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní ìbọn kó fi sá lọ. Wọ́n wá ń pe ìyẹn ní ìfẹ́. Bí ọmọ mi bá rí irú ẹ̀ ládùúgbò wa, ṣé kò ní rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ tòótọ́ ṣe máa ń ṣe?" Mo ní kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òótọ́ ni pé kò sí àgbàlagbà kan tí àwọn ọmọ náà sá lọ bá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tó sì ba gbogbo nǹkan jẹ́ nìyẹn.

Bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ ńlá kọ pé, "Ohun tí ọmọ bá ń kà ni yóò máa rò. Iwájú la fẹ́ kí wọ́n máa wò. Ìwé àwọn dókítà, àwọn lọ́yà, àwọn tó ṣe rere ni kí wọ́n fún wọn."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun ń dá a lóhùn: "Mò ń rí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa lóru Saturday. Kì í ṣe ìwé ló gbé wọn débẹ̀. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ni ká pè. Àwọn kan kì í mọ ẹni tí wọ́n máa dárúkọ."

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ìyá àgbà kan tó wá láti Ọ̀ṣogbo láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ. Màmá ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ka ìwé náà fún un lálaalẹ́, tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí ẹnu rẹ̀ ṣe mọ. Ọmọ náà ló bá a kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Màmá ní: "Àwọn ọmọ mẹ́ta, òbí kú, kò sí ẹ̀gbọ́n bàbá, kò sí àbúrò ìyá, kò sí ará ilé? Níbo ni ẹbí wọn lọ? Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Johnny yẹn, ẹ mú un wá fún mi kí n fún un lóúnjẹ. Ebi ìfẹ́ ló ń pa ọmọ yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ò pa mí mọ́. Mo bi ara mi pé àwọn ọmọ tiwa tó ń gbé Lithonia, Marietta àti Lawrenceville, níbo ni ẹ̀gbọ́n bàbá tiwọn wà? Ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní London, ọ̀kan ní Houston. Bí èmi àti ọmọ mi bá jà lálẹ́ òní, ilé ta ni yóò sá lọ? Nílé, bí bàbá bá ń lu ọmọ, ìyá àgbà á ti yára jáde. Níbí, ilẹ̀kùn ti tì, fèrèsé ti tì, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́.

ÈRÒ ÀWỌN ỌMỌ

Èdè òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ ọ́. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹjọ kọ pé: "Mo sunkún nígbà tí Johnny kú. Mọ́mì mi bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí. Wọ́n rò pé tí a bá ka ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, a máa lọ mú ọ̀bẹ. Àwọn náà ń wo fíìmù Nàìjíríà tí wọ́n ti ń fi ènìyàn ṣògùn owó. Ṣé wọ́n ti ń ṣògùn owó ni?" Ẹ̀yin ìyá, ẹ dá a lóhùn o. Èmi ò sí níbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan kọ pé: "Níléèwé, wọ́n ń fi orúkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a lọ sí Lagos, wọ́n ń pè mí ní òyìnbó. Èmi náà ni outsider. Ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ kà tó mọ bó ṣe ń rí."

Ọmọ ọdún méjìlá kan ní kò dùn mọ́ òun. Ó ní ìbànújẹ́ ti pọ̀ jù, ibi tí òun fẹ́ràn kò ju ibi tí àwọn ọmọ Curtis ti ń jẹ kéèkì ṣokoléètì láàárọ̀ lọ. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwa kò fi lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tiwa.

Ọmọbìnrin mìíràn ní òun rí àléébù méjì: àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn aláwọ̀ funfun sì ni gbogbo àwọn tí ìtàn náà dá lé lórí. Ó ní, "Tí ọmọ dúdú bá na ìbọn òfìfo sí ọlọ́pàá, wọn ò ní kọ ìwé nípa rẹ̀. Ìròyìn aago mọ́kànlá ni wọ́n máa fi í ṣe." Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bébà kan wà tí gbólóhùn kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀: "Mo fẹ́ kí Dádì mi kà á." Mi ò mọ ọmọ ta ni. Ẹ̀yin bàbá, ó lè jẹ́ tiyín.

ÒFIN GEORGIA ŃKỌ́?

Fún àwọn tó fẹ́ kọ lẹ́tà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí òfin wí. Ní 2022, Gómìnà Brian Kemp fọwọ́ sí òfin kan, SB 226, tó ní kí iléèwé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí òbí lè gbà fi ẹ̀sùn kan ìwé. Iwájú ọ̀gá iléèwé ni ẹ̀sùn náà yóò kọ́kọ́ lọ. Bí ìdájọ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ òbí lọ́rùn, ó lè gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ni òfin náà ń wò ní pàtàkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà àti sìgá. Ní oṣù August 2023, Cobb County yọ ìwé méjì kúrò ní láíbìrì àwọn iléèwé wọn, Flamer àti Me and Earl and the Dying Girl, pé ọ̀rọ̀ inú wọn kò yẹ ọmọdé. Ìjà ńlá ló dá sílẹ̀ láàárín àwọn òbí níbẹ̀.

Lójú tèmi, òbí tó bá ka ìwé tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ní ẹ̀tọ́ láti lọ bá tíṣà, kó ní kí wọ́n fún ọmọ òun ní òmíràn. Ẹ kàn jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á ná. Akáúǹtáǹtì kì í buwọ́ lu ìwé ìṣirò tí kò yẹ̀ wò.

ÀWA NÁÀ NÍ ÌTÀN ẸLẸ́RÙ

Àwọn kan sọ pé irú ìtàn báyìí kò sí nílé wa. Ẹ̀yin ará, ẹ rántí àlọ́ o! Ta ló gbàgbé Olúrónbí, ìyá tó fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ìrókò? A ò tíì pé ọdún méje tí wọ́n ti pa á fún wa. Ìjàpá ńkọ́? Olè, òpùrọ́, ọ̀dàlẹ̀, òun ni gbogbo wa sì fẹ́ràn. Nígbà tí a dàgbà, a ka Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1974, ìtàn ìfẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì tí kò parí sí ẹ̀rín. Àwọn tí kò kà á wò ó nígbà tí Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní 1997. Kò sọ wá di ọmọkọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ta ló pa àlọ́ Olúrónbí fún yín? Ṣé ẹ dá a kà nínú yàrá tí ilẹ̀kùn tì? Rárá. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ fẹ̀yìn tì. Bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ ó sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ ó béèrè. Gbogbo yín ni ẹ jọ ń gbe orin. Àlọ́ náà burú, àmọ́ àgbà jókòó tì í. Ohun tó ń ba ọmọ jẹ́ kì í ṣe ìtàn tó ṣókùnkùn. Kí ó dá wà nínú òkùnkùn ni.

TÈMI NÍBẸ̀

Kò yẹ kí n máa kọ èrò àwọn ẹlòmíràn kí n fi tèmi pamọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nínú oṣù March tí iṣẹ́ owó-orí kì í jẹ́ kí n rí oorun sùn, ọmọ mi kejì kò délé lásìkò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Ó ní òun ń lọ gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé aago mẹ́jọ òun á ti dé. Aago mẹ́sàn-án lù, mẹ́wàá lù. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo wa mọ́tò yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ nípa ọmọ dúdú tó ń dá rìn lóru ní orílẹ̀-èdè yìí ló ń sáré kiri lórí mi. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ó ṣí ilẹ̀kùn wọlé. Bátìrì fóònù rẹ̀ ló kú, ẹni tó fẹ́ gbé e wálé ló pẹ́. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti balẹ̀ létí rẹ̀.

Kò sunkún. Ó wò mí, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "Yes sir" àti "No sir" nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ ti ní ìbáwí. Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá wọn, ṣé ìbáwí lẹ pe ìyẹn?" Mi ò dá a lóhùn.

Nígbà tí mo ti ìpàdé tó kọjá délé, mo bi ọmọ náà bóyá ó ti ka The Outsiders rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ní kíláàsì kẹjọ. Ó lọ tú àpótí rẹ̀, ó sì mú àròkọ tó kọ lórí rẹ̀ nígbà náà wá fún mi. Oṣù April ọdún yẹn ni déètì tó wà lórí rẹ̀. Tíṣà wọn ní kí wọ́n mú ẹnì kan nínú ìwé náà, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀. Darry ni ọmọ mi mú. Ó kọ pé Darry kì í ṣe ìkà. Ó ní ẹ̀rù ló ń bà á, nítorí ó ti pàdánù ènìyàn rí, kò sì fẹ́ pàdánù mìíràn. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bàbá òun náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ò dá a lójú, torí bàbá òun kò sọ ọ́ rí.

Alẹ́ méjì ni mo fi ka ìwé náà tán. Mo rí ilé mẹ́ta níbẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ ni ti Johnny: bàbá ń lù ú, ìyá ń bú u, kò sí ẹni tó bìkítà. Ilé kejì ni ti Bob, ọmọ olówó tó kú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn òbí Bob kò sọ fún un rí pé "Rárá", bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọ náà ń wá kiri nìyẹn, kí ẹnì kan dá a dúró. Ilé kẹta ni ti Darry: ìfẹ́ wà, ìfẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú nìkan ló ń bá jáde. Ọsibítù ni Ponyboy ti rí ẹkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ó fẹ́ràn òun. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ilé Johnny kò ní ọwọ́ ọ̀tún. Ilé Bob kò ní ọwọ́ òsì. Darry ní méjèèjì, àmọ́ ó gbàgbé ọ̀tún sínú àpò. Èmi náà bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ mi. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí mo gbá ọ létí yẹn, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé o ti kú. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Má bínú." Ní ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta tí mo ti wà láyé, mi ò gbọ́ kí bàbá tèmi sọ irú ẹ̀ fún mi rí, ahọ́n mi sì wúwo. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ̀wà ṣì wà nínú ìkòkò?" Mo ní ó wà. A jọ jókòó ní kíṣìnì títí aago kan òru. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún méjì, ó sọ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyókù kì í ṣe ti ìwé ìròyìn.

ẸJẸ́ KÁ JỌ KÀ Á

Nǹkan kan wà nínú ìwé yẹn tó yẹ kó dùn mọ́ àwa ará Atlanta. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì sá pamọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe, ìwé ni Johnny rà. Gone with the Wind ni, èyí tí Margaret Mitchell kọ ní Atlanta wa níbí, tó sì jáde ní 1936. Àwa ò lè yin ìwé yẹn, nítorí ó gbé àwọn tó ń kó ẹrú gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ náà fi ṣe. Ponyboy ń ka ìwé sókè, Johnny ń gbọ́, wọ́n ń dá a dúró, wọ́n ń jọ sọ̀rọ̀ lé e. Àwọn ọmọ tí kò ní àgbà kankan lẹ́yìn fi ara wọn ṣe ìyá àgbà fún ara wọn. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ tiwa ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí a wà láyé?

Nítorí náà, ìṣirò mi rèé, alága. Mi ò ní ká kọ lẹ́tà. Mo ní ká ka ìwé. Ẹ lè yá a lọ́fẹ̀ẹ́ ní láíbìrì DeKalb, Gwinnett, Cobb tàbí Fulton, káàdì láíbìrì nìkan lẹ nílò. Ẹni tí òyìnbó rẹ̀ kò bá já gaara, kí ó ṣe bíi ti màmá Ọ̀ṣogbo, kí ọmọ kà á, kó túmọ̀ rẹ̀. Yorùbá ọmọ náà yóò tún dára sí i. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ bi àwọn ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló dà bí mi nínú ìwé yìí? Bí nǹkan bá burú fún ọ lóru, ta lo máa sá lọ bá? Ta ni Johnny nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ká pè é wá jẹun?

Ìyá wa ti Stone Mountain, ìwọ̀nba ìbẹ̀rù yín dára. Bí ẹ ò bá la ìwé yẹn mọ́lẹ̀, èmi ò bá má mọ ohun tí ọmọ mi kọ. Ẹ ṣé o.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ọkàn yín bá wúwo débi pé ayé sú yín, ẹ sọ fún àgbà kan. Bí ẹ ò bá rí àgbà, ẹ pe 988 tàbí kí ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ síbẹ̀, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń dáhùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Kì í ṣe ìtìjú.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn ọmọ ni a ó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní Ó Le Kú nílé, kó mú un dání, torí tiwa náà la ó kà tẹ̀ lé e. Màmá Ọ̀ṣogbo sì ti ṣèlérí láti pa àlọ́ Olúrónbí fún wa. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí, kò ní jẹ́ ká fi ìbínú lé wọn jáde nílé. Àmín o.